Ọ̀sìn Ekòló

Ọ̀sìn ekòló ni kíkó ekòló sínú àpótí, báfù tàbí kòtò, kí a máa fi pàǹtírí tó ń jẹrà bọ́ wọn, kí a sì máa kó ìgbẹ́ wọn fún ọgbà, tàbí kí a ta ekòló fúnra rẹ̀ fún àwọn tó ń fi í ṣe ìjẹ ìwọ̀. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni èrò pé inú ìdọ̀tí ni ekòló ń gbé, kò sì nílò ìtọ́jú kankan. Èrò yẹn kò tọ̀nà. Ẹran ọ̀sìn ni ekòló gẹ́gẹ́ bí adìẹ ti jẹ́ ẹran ọ̀sìn: ó ní oúnjẹ tó bá a lára mu, ó ní èyí tó ń pa á, ó sì ní ọ̀tá. Kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló ṣeé sìn. Lumbricus terrestris ti ilẹ̀ Yúróòpù, tó ń gbẹ́ ihò lọ sísàlẹ̀, kì í gbádùn àpótí. Àwọn tó ń gbé lábẹ́ ewé jíjẹrà àti nínú ìgbẹ́ ẹran ni à ń wá, pàápàá Eisenia fetida tó pupa, àti Eudrilus eugeniae tó tóbi jù ú lọ. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni orírun Eudrilus yìí. Wọ́n ń sìn ín báyìí ní Íńdíà, Filipíìnì àti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi orúkọ Áfíríkà pè é, tí àwọn apẹja sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìtóbi rẹ̀. Ooru ìwọ̀n 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló bá a lára mu, kò sì lè fara da òtútù. Ooru tí ẹni tó ń sìn ín nílùú òtútù ní láti fowó wá, ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ tiwa.

Ekòló kò ní eyín. Iyanrìn tó gbé mì ló ń bá a lọ oúnjẹ nínú iwe rẹ̀, bíi ti adìẹ gan-an, ìdí nìyẹn tí ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn fi ṣe pàtàkì nínú àpótí. Awọ ara ló fi ń mí. Bí ibùsùn rẹ̀ bá gbẹ, yóò kú. Bí omi bá sì dúró síbẹ̀, kò ní rí afẹ́fẹ́ tó. Kí páálí àti ewé gbígbẹ tí a tẹ́ fún un rí bí àkísà tí a ti fún omi rẹ̀ dànù. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo iṣu, èérí ògì àti ewé ẹ̀fọ́ dára fún un. Iyọ̀, epo, ata àti ọ̀pọ̀ èèpo ọsàn kò dára. Ìgbẹ́ adìẹ tútù ń gbóná, ó sì ń pa á. Ẹni tó bá gbé àpótí rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, tó ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo omi, ti dínà mọ́ ìjàlọ. Ekòló kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yà akọ àti ti abo lára, síbẹ̀ méjì ló sábà máa ń gùn kí wọ́n tó yé ẹyin. Àwọn tó ń sọ pé bí a bá gé e sí méjì yóò di ekòló méjì ń pa ẹran wọn lásán ni.

Agbára ekòló kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Nínú ìwé tí Charles Darwin tẹ̀ jáde lọ́dún 1881, ó ṣírò rẹ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ gbígbẹ tó lé ní tọ́ọ̀nù 10 ń gba inú ekòló kọjá lórí éékà kan lọ́dún kan. Àwọn kan yóò ní òkìtì pàǹtírí lásán náà ń di ajílẹ̀, kí wá ni ti ekòló? Òótọ́ wà níbẹ̀. Òkìtì tí a tò dáadáa lè gbóná kọjá ìwọ̀n 55, ooru bẹ́ẹ̀ sì ń pa kòkòrò àrùn àti irúgbìn èpò, ohun tí àpótí ekòló kò lè ṣe láìpa ekòló. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí a yan ọ̀kan: kí ìgbẹ́ ẹran kọ́kọ́ gbóná lókìtì, kó tutù, kí ekòló tó wá gbà á. Èyí tó jáde lára wọn kúnná, kò rùn, ìdá kan rẹ̀ sí mẹ́rin ilẹ̀ sì ti tó fún irúgbìn nínú ìkòkò.

Àtakò tó wúwo jù ti Àríwá Amẹ́ríkà wá. Yìnyín ayé àtijọ́ ti pa ekòló run nínú igbó àríwá bíi ti Minnesota, igbó náà sì dàgbà láìní ekòló. Àwọn tó ṣí wá láti Yúróòpù kó o dé, àwọn apẹja sì ń da ìjẹ tó kù sétí adágún. Ekòló náà jẹ ìpele ewé tí àwọn ọ̀dọ́ igi àti òdòdó igbó gbára lé tán. Ẹ̀bi ẹni tó tú ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ ni èyí. Ìjẹ tó bá ṣẹ́ kù, kí apẹja gbé e padà sílé; kí ọlọ́sìn sì sin ẹ̀yà tó jẹ́ ti ilẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn oníṣòwò kan ń ta ekòló fún àwọn èèyàn pẹ̀lú ìlérí pé àwọn yóò rà á padà. Owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n fi ń san ti ẹni àná, ọ̀pọ̀ sì pàdánù. Ọjà tòótọ́ wà lọ́dọ̀ apẹja, ológbà àti ẹni tó ń sin adìẹ tàbí ẹja, nítorí èròjà amúaradàgbà lé ní ìdajì ekòló gbígbẹ. Ìwọ tó fẹ́ ra ekòló láti fi bẹ̀rẹ̀, kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé apẹja mélòó àti ológbà mélòó ló ń rà lọ́wọ́ rẹ̀.