Ta ló ń gbé àrùn àlìkámà káàkiri abẹ́ ilẹ̀?

Ní ọdún 1919, àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Illinois àti Indiana ní Amẹ́ríkà rí èèmọ̀ nínú oko àlìkámà wọn. Òtútù ti lọ, ó yẹ kí ọkà máa ga, àmọ́ ńṣe ló ràn mọ́lẹ̀ bí ìdì koríko. Òmíràn, ewé rẹ̀ ya ìlà pupa rúsúrúsú. Oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní Harvest Queen ló jìyà jù.

Harold McKinney, onímọ̀ àrùn ọ̀gbìn lábẹ́ ìjọba, ló dojú kọ ọ̀ràn náà. Ó rí i pé inú ilẹ̀ ni ọ̀tá wà: gbin irúgbìn tó dá ṣáṣá síbẹ̀, àìsàn á mú un. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: fáírọ́ọ̀sì kò lẹ́sẹ̀, kò lè wẹ̀, kò sì lè dá wọ gbòǹgbò. Ta wá ló ń gbé e?

Ní 1939, Ledingham ní Kánádà rí ẹ̀dá àìfojúrí kan nínú gbòǹgbò àlìkámà, ó sọ ọ́ ní Polymyxa graminis. Òun ò kúkú wá fáírọ́ọ̀sì. Ọgbọ̀n ọdún gbáko kọjá kí Rao àti Brakke ní Nebraska tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ dáadáa ní 1969. Lójú tèmi, ẹni tó ń wo ewé kì í bá ẹni tó ń wo gbòǹgbò sọ̀rọ̀ ni.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Bí òjò bá rọ̀, tí ilẹ̀ tutù, ọmọ ẹ̀dá yìí á jáde, á fi ìrù méjì wẹ̀ nínú omi lọ bá irun gbòǹgbò, á sì tú ohun inú rẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ń bá wọlé. Ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Olpidium náà ń gbé fáírọ́ọ̀sì tábà, àmọ́ ara rẹ̀ níta nìyẹn ń lẹ̀ mọ́, bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ti àlìkámà ò rí bẹ́ẹ̀. Inú ló ń gbé. Nígbà tí Polymyxa bá di kóró líle tó sùn sínú ilẹ̀, fáírọ́ọ̀sì á bá a sùn, ó lè di ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí fífi oko sílẹ̀ fún sáà kan ò fi ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. Oríṣi ọkà tó lè fara dà á ni wọ́n gbára lé.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa o. Ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Burkina Faso, Polymyxa yìí kan náà ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì tó ń sọ ẹ̀pà di ràrá, ọkà bàbà tí wọ́n ń gbìn nítòsí ló sì ń bọ́ ọ.