Ògógóró Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ojú tí Ìwé Ìròyìn Fi Ń Wò Ó

Ògógóró ni ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu sè ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Òkìtìpupa títí dé Òde-Ìrèlè. Ilẹ̀ náà kún fún ọ̀pẹ, igi ògùrọ̀ sì ń ṣe dáadáa nínú àbàtà rẹ̀. Ní ọ̀rúndún ogún, àwọn Urhobo tó wá kọ ẹyìn níbẹ̀ dúró sí abúlé oko, wọ́n sì di ara àwọn tó ń jẹun nídìí ọ̀pẹ. Wọ́n ń lo ògógóró níbi ìdána, ìsìnkú àti ètùtù, àwọn oníṣègùn sì ń fi rẹ egbò àti èèpo igi.

Orí igi ni iṣẹ́ ọtí yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Adẹ́mu á dá ojú igi, á sì gbé agbè sí i kí omi rẹ̀ lè máa kán sínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ògùrọ̀ ń so láyé rẹ̀. Ìgbà tó bá fẹ́ yọ òdòdó ni wọ́n ń dá a, bí wọ́n bá sì dá a tán, igi náà á kú. Ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí igi bọ̀ dùn, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí díẹ̀ ìwúkàrà á ti máa sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí. Asètí á jẹ́ kí ẹmu náà kan dáadáa, á dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, á dé e pa, á sì dáná igi sí i nídìí. Ọtí ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 78 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi ní 100, nítorí náà ooru ọtí ló ń ṣáájú gòkè. Ó ń gba inú páìpù bàbà tó la omi tútù kọjá, á tutù níbẹ̀, á sì máa kán sínú ìgò. Bí iná bá pọ̀ jù, omi á bá ọtí gòkè, agbára rẹ̀ á sì dín. Ìdí nìyí tí asètí kì í fi í kúrò nídìí iná.

Ní 1919, àwọn ìjọba òyìnbó tó ń ṣàkóso ilẹ̀ Áfíríkà ṣe àdéhùn ní Saint-Germain-en-Laye láti dènà ọtí líle olówó pọ́ọ́kú. Jíìnì tó kù tó ń ti òkè òkun wá ń san owó bodè tó pọ̀, ìjọba sì gbára lé owó yìí gidigidi. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, apá mẹ̀kúnnù kò ká jíìnì yìí mọ́, sísè ògógóró sì gbilẹ̀ ní gúúsù Nàìjíríà. Ìjọba pè é ní jíìnì tí òfin kò fọwọ́ sí. Ọlọ́pàá ń fọ́ dúrọ́ọ̀mù, ilé ẹjọ́ sì ń rán asètí lọ sẹ́wọ̀n. Orúkọ yẹn wọnú ìwé ìròyìn. Nígbà tí Nigerian Breweries gbé bíà Star jáde ní Èkó ní 1949, bíà ilé iṣẹ́ rí ìpolówó nínú ìwé ìròyìn, àmọ́ ọ̀ràn ọlọ́pàá ló sábà ń gbé ògógóró débẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ìròyìn Òde-Ìrèlè gba gbogbo ayé kan. Orí ń fọ́ àwọn èèyàn, ojú wọn ń ṣú, ọ̀pọ̀ sì kú láàárín ọjọ́ kan. Àwọn tó kú kò dín ní 18. Ìwé ìròyìn pè é ní àìsàn àràmàǹdà. Àwọn kan ń bẹ̀rù Ebola, àwọn mìíràn ròyìn pé òrìṣà ìlú ló ń bínú. Nígbà tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò àrùn, agbẹnusọ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé oògùn apakoríko ni wọ́n fura sí. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó rí i pé methanol inú ọtí ìbílẹ̀ ló fà á. Ara èèyàn ń sọ methanol di ásíìdì tó ń ba iṣan ojú jẹ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń wà nínú ẹmu tí wọ́n sè. Kẹ́míkà ilé iṣẹ́ tí wọ́n bù mọ́ ọtí ló sábà ń mú un pọ̀ tó báyìí.

Irú ikú bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de ògógóró ní oṣù Kẹfà. Òfin náà kò ya ẹni tó ń sè é láti inú ẹmu sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń bu kẹ́míkà mọ́ ọn.

Síbẹ̀, ní 2018, ilé iṣẹ́ Pedro's bẹ̀rẹ̀ sí í ta ògógóró alásè-dáadáa nínú ìgò ẹlẹ́wà ní Èkó. Àkókò náà ni Bature Brewery ń pọn bíà àfọwọ́ṣe ní Àbújá. Àwọn akọ̀ròyìn tó kọ nípa wọn sọ̀rọ̀ adùn, òórùn àti ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Irú àfiyèsí kan náà tọ́ sí asètí Ìkálẹ̀: igi wo ni ẹmu rẹ̀ ti wá, ọjọ́ mélòó ló fi kan, kí sì ni wọ́n fi kún un lẹ́yìn tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀? Ìdáhùn ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló lè gba ẹ̀mí ẹni tó ń mu ún là.