Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ àti Ère Ìbejì Orí WhatsApp

 

Lóṣù tó kọjá, àbúrò wa kan fi fọ́tò ère ìbejì méjì sórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Ó ní, "Ẹ bá mi wò ó, èló ni wọ́n lè ra èyí?" Kílẹ̀ tó ṣú, èsì ti lé ní ogójì. Ẹnì kan ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Ẹnì kan ní mílíọ̀nù márùn-ún, pé òun rí irú ẹ̀ lórí Facebook. Ẹlòmíì ní kí wọ́n yáa dáná sun ún. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló gbẹ́ ẹ, tàbí ọmọ ta ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Èmi tí ẹ ní kí n máa darí ọ̀dọ́ gan-an ò béèrè, ẹ̀rín ni mo fi sí i. Ó dùn mí nígbà tó yá. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ kàwé díẹ̀, tí mo sì fẹ́ ká jọ sọ ọ́ lóṣù yìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ sí, ní nǹkan bí ọdún 1873, àmọ́ Ìsẹ̀ ló fi ṣe ilé, ààfin Arínjalẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni gbogbo ayé fi ń pè é ní Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀. Láàárín 1910 sí 1914, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ abala méjì. Lápá kan, Ògògà jókòó tòun ti adé, àwọn ayaba wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lápá kejì, òyìnbó aṣojú ìjọba tí wọ́n ń pè ní Captain Ambrose ń bọ̀ wá kí Ọba. Kò fẹsẹ̀ rìn, àwọn èèyàn ló gbé e, àwọn arẹrù sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ pákó bíi ti ẹlòmíì. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ yọ síta débi pé o máa rò pé wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní London. Àwọn British Museum rí i, ojú wọn wọ̀ ọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ọba ní òun ò tà. Ohun tí wọ́n wá fẹnu kò sí ni pàṣípààrọ̀: wọ́n ṣe ìtẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Ògògà, ilẹ̀kùn sì dúró sí London, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé wọ́n rẹ́ Ọba jẹ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Kábíyèsí mọ̀ pé ẹni tó gbẹ́ ti àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè, Ìsẹ̀ sí Ìkẹ́rẹ́ ò sì jìnnà. Ó dà bí ẹni tó ní oko iṣu, tó mú iṣu kan lé àlejò lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yí padà ní 1938 tí Ọlọ́wẹ̀ kú. Láti ọjọ́ yẹn, iye tó gbẹ́ ti pé, ìkan ò ní lé sí i mọ́. Èyí tó bá jóná, èyí tí ikán bá jẹ, èyí tí wọ́n bá tà, ó lọ nìyẹn. Lára òpó ààfin Ìkẹ́rẹ́ yẹn, ọ̀kan wà ní Art Institute ní Chicago báyìí. Ọmọ Èkìtì tó bá fẹ́ rí i á kọ́kọ́ lọ tò fún físà.

Ọdún 1938 yẹn náà ni àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ko orí idẹ lábẹ́ ilẹ̀, ìyẹn àwọn orí tí fọ́tò wọn wà nínú ìwé ìtàn gbogbo ayé lónìí. Ifẹ̀ ti rí irú ìpọ́njú yìí ṣáájú o. Ní 1910, ará Jámánì kan, Leo Frobenius, dé ibẹ̀, ó rí orí idẹ tí wọ́n ń pè ní orí Olókun. Nínú ìwé tóun fúnra rẹ̀ kọ, pọ́n-ùn mẹ́fà àti ìgò ọtí wisikí kan ló ní òun fi rà á. Àwọn òyìnbó ìjọba gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbé e lọ. Síbẹ̀, ní 1949, àwọn tó yẹ orí tó wà ní Ifẹ̀ wò sọ pé ẹ̀dà ni. Àwọn onímọ̀ mìíràn ò gbà, wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Ti 1938 wá ńkọ́? Ọ̀kan nínú àwọn orí Wúnmọníjẹ̀ dé British Museum ní 1939. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tó wà ní Ifẹ̀ nígbà náà, William Bascom, mú méjì lọ sí ìlú rẹ̀. Ó dá wọn padà ní 1950. Ariwo tó tẹ̀ lé e wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjọba ṣòfin. Ti 1953 ló kọ́kọ́ dé, ti 1979 sì rọ́pò rẹ̀.

Ẹ dúró lórí òfin 1979 yẹn díẹ̀, nítorí ó kàn wá. Ohun tí òfin ń pè ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kì í ṣe ohun tó wà láàfin nìkan. Iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1918 wà nínú ẹ̀. Iṣẹ́ ọnà tí wọ́n bá ti fi ṣe orò tàbí ètùtù ìbílẹ̀ rí náà lè wà nínú ẹ̀, ì báà má tíì pẹ́. Ẹni tí àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá fún ní àṣẹ nìkan ló lè rà á, kò sì gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ Nàìjíríà láìsí ìwé àṣẹ. Bọ̀dá tó ń gun ọ̀kadà kiri abúlé pẹ̀lú àpò, tó ń béèrè "ẹ lẹ́rù àtijọ́ bí?", ẹ ní kó mú ìwé tiẹ̀ jáde ná.

Ó wá ku ìbéèrè àbúrò wa: èló? Ère ìbejì ń ta ní gbàǹjo nílẹ̀ òkèèrè, láti ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn mélòó kan títí dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kí ló fa ìyàtọ̀ yẹn? Ọwọ́ ìyá ni. Ìyá tí ọmọ kú fún ń wẹ ère náà bí ẹní ń wẹ ọmọ, ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń fi osùn pa á lára, ó ń fi wájì sí irun rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún pípẹ́, imú á pẹlẹ, ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, osùn á wọ inú kọ̀rọ̀ igi. Ohun tí ẹlòmíì máa wò tó máa ní "ó ti jẹ́ tán", òun gan-an ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń sanwó lé lórí. Àwọn ayédèrú wà, wọ́n ń rì wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi èéfín rọ̀ wọ́n, kó lè jọ pé wọ́n ti pẹ́. Ẹ wo ibi tó ti jẹ: ojú, àyà àti ẹ̀yìn tí ọwọ́ máa ń kàn ló yẹ kó dán jù. Tí gbogbo ara bá jẹ bákan náà dé abẹ́ ẹsẹ̀, ẹ fura.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ yín: ẹ má fi kànhìnkànhìn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má kun fánííṣì sí i. Àwa tá a fẹ́ kí gbogbo nǹkan máa dán, iṣẹ́jú mẹ́wàá la lè fi fọ iṣẹ́ ọgọ́ta ọdún dànù. (Àwọn tó ń fi fọ́tò kọ́bọ̀ àtijọ́ onihò ránṣẹ́ sí mi, ẹ má bínú, wọ́n rọ ọ́ lọ́pọ̀ yanturu láyé òyìnbó. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ san owó fọ́ọ̀mù kóun tó fún yín ní mílíọ̀nù, ẹ gé fóònù mọ́ ọn lójú.)

Ohun kejì tó ń gbówó lé ère ni ìtàn rẹ̀: ta ló gbẹ́ ẹ, ìlú wo, agbo ilé wo, ta ló fún ta. Oníṣòwò orí ọ̀kadà kì í béèrè ìyẹn, torí tó bá béèrè, ẹ ó mọ̀ pé ó níye lórí. Bó ṣe di "Yorùbá, a ò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ" nìyẹn lára ògiri wọn. A mọ̀ ọ́n. Wọn ò kàn bi wá ni.

Mo pe àbúrò wa. Owó ilé-ìwé ló ń wá, èmi náà wà ní yunifásítì, mi ò lè bínú sí i. Àmọ́ ó ti pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkùnrin kan ti san ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ìkan, ó ní òun ń bọ̀ wá mú ìkejì lọ́jọ́ ọjà. A jọ lọ bá ìyá àgbà wọn. Màmá ní ìyá àwọn ló bí ìbejì náà, àwọn méjèèjì ò ju ọmọ ọdún kan lọ nígbà tí wọ́n lọ. Wọ́n sọ orúkọ agbo ilé tí wọ́n ti gbẹ́ ère náà, wọ́n sì fi ìka tọ ilà ojú rẹ̀ hàn wá, pé ilà ìdílé bàbá àwọn ni. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè pé, "Èkejì rẹ̀ dà?" Kò sẹ́ni tó dáhùn nínú wa. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ti dáwó díẹ̀ fún àbúrò wa. Ère kan tó kù wà lọ́dọ̀ Màmá.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa bọ ère. Èmi náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni àkọsílẹ̀. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ máa wà ní gbọ̀ngàn ìlú láti aago mẹ́wàá ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀. Ẹ gbé ohun tẹ́ ẹ bá ní wá, tàbí kẹ́ ẹ pè wá ká wá bá yín nílé. A ó ya iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti abẹ́ rẹ̀, a ó wọn gígùn rẹ̀, a ó sì gba ohùn ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé náà á wà lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀dà kan á wà lọ́dọ̀ ìdílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún fi fọ́tò rẹ̀ sí gbàgede WhatsApp mọ́, torí olè náà ní fóònù. Tí ẹnikẹ́ni bá rí ère ìbejì kan tí etí òsì rẹ̀ ti sán, tó ní ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan ṣoṣo lọ́rùn, yálà ní ọjà tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó pè mí. Kó má ṣe bá wọn nájà rẹ̀.