Wákàtí Márùn-ún ní Òpópónà Gartside

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kejìlá, 1976. Kérésìmesì ti kọjá láti ọjọ́ mẹ́ta. Ní àárín ìlú Manchester, lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin wọ ilé kan tí wọ́n ń pè ní Indigo. Stúdíò ni. Téèpù Ampex kan wà lórí ẹ̀rọ, ó fẹ̀, ó lè gba ohùn mẹ́rìndínlógún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tíì sí ohùn wọn kankan lórí rẹ̀.

£500 ni gbogbo owó tó wà nílẹ̀. Owó tí wọ́n yá ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mú díẹ̀ wá, bàbá ọ̀kan nínú wọn mú díẹ̀ wá. Láti inú rẹ̀ ni wọn yóò ti san owó stúdíò, tí wọn yóò tẹ ẹgbẹ̀rún kan rẹ́kọ́ọ̀dù, tí wọn yóò tẹ àpò tí wọ́n máa kì í bọ̀. Bí iṣẹ́ òní bá bàjẹ́, kò sí owó tí wọn yóò fi tún un ṣe.

Kí téèpù tó yí, onílù jókòó sídìí ìlù. John Maher ni. Ọmọ ọdún 16.

Ẹni tó mú gìtá báàsì dání ni Steve Diggle, ọmọ ọdún 21. Ọjọ́ 4 Oṣù Kẹfà ọdún náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn Lesser Free Trade Hall, ó ń retí ẹlòmíràn. Malcolm McLaren, alábòójútó ẹgbẹ́ olórin Sex Pistols tó fẹ́ ṣeré lálẹ́ ọjọ́ náà, rí i, ó ṣì í mú fún ẹnì kan tí àwọn kan ń wá nínú ilé láti bá wọn lu báàsì. Ó mú un wọlé lọ bá wọn. Kò tíì jáde kúrò láàárín wọn láti ìgbà yẹn.

Àwọn tó ń wá onígìtá báàsì nígbà náà ni Howard Devoto, ọmọ ọdún 24, tó ń kọrin, àti Pete Shelley, ọmọ ọdún 21, tó ń ta gìtá. Iléèwé kan náà ni wọ́n jọ lọ ní Bolton. Orúkọ tí òbí fún wọn kọ́ ni wọ́n ń jẹ́ yìí: Trafford ni Howard, McNeish ni Peter. Gìtá Starway tó wà lọ́rùn Shelley, olówó pọ́ọ́kú ni. Apá òkè igi rẹ̀ ti ṣẹ́ dànù. Ẹni tó bá rí i á rò pé ẹnì kan gé e jẹ ni. Kò pààrọ̀ rẹ̀.

Ní apá kejì gíláàsì, nídìí àwọn bọ́tìnì, Martin Hannett wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 28. Òun ni yóò darí bí ohùn ṣe máa rí. Lára àpò rẹ́kọ́ọ̀dù, Martin Zero ni wọn yóò kọ. Ẹlòmíràn wà pẹ̀lú rẹ̀, òṣìṣẹ́ stúdíò tó mọ ẹ̀rọ náà bí ẹní mowó. Àwọn méjèèjì kò rí iṣẹ́ náà bákan náà. Ìyẹn yóò hàn tó bá yá.

Wákàtí kìíní. Téèpù yí. Orin tí wọ́n ń pè ní Breakdown. Gbogbo wọn jọ ń lù ú pa pọ̀ ni, ìlù, báàsì àti gìtá, bí ìgbà tí wọ́n wà lórí ìtàgé. Bí ẹnì kan bá ṣì í, gbogbo wọn ló ṣì í. Ó parí. Kò tíì rí bí wọ́n ṣe fẹ́.

Wọ́n dá téèpù padà. Wọ́n tún lù ú. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀ náà.

Aago kò dúró. Orin mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn. Wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀kẹta. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò pé ìṣẹ́jú méjì. Ohùn Devoto há, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já lu ara wọn, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa lẹ́nu mọ́ tó ń sáré sọ tiẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ọmọ ọdún 16 náà kò fi ìlù sílẹ̀ títí ó fi parí. Wọ́n gba èyí. Wọn kò fi ohunkóhun kún un.

Wákàtí kejì. Time's Up. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lù ú, wọ́n gbà á. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lé díẹ̀. Gìtá kan ṣoṣo ló wà nínú ẹgbẹ́ yìí, nítorí náà Shelley padà sídìí máìkì pẹ̀lú igi rẹ̀ tó ti ṣẹ́, ó fi gìtá mìíràn lé ti àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà, Boredom. Èyí náà, ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n fi gìtá kún òun náà.

Lójú tèmi, inú orin yìí ni gbogbo ọjọ́ náà wà. Ó dé àárín, ibi tí onígìtá ti máa ń fi ọwọ́ dárà, tí ìka máa ń sáré lórí okùn kí àwọn ènìyàn lè patẹ́wọ́. Shelley kò dárà kankan. Ohùn méjì ló mú, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, bí agogo ẹlẹ́nu méjì. Ó tún mú wọn. Ó tún mú wọn. Ìlù ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ń retí pé yóò yà síbòmíràn. Kò yà. Ohùn méjì kan náà, ìgbà mẹ́rìndínláàádọ́rin. Lẹ́yìn náà ló tó mú ohùn kan ṣoṣo tó yàtọ̀, ó sì dákẹ́.

Wákàtí kẹta. Friends of Mine. Ẹ̀ẹ̀kan. Wọn kò fi nǹkan kan kún un. Ó parí.

Wọ́n gbé gìtá kalẹ̀. Orin mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti díẹ̀ lápapọ̀. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi gbà á. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ti sọ ọ́, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Téèpù ni wọ́n fi gba ẹyin tiwọn kó má baà kanlẹ̀.

Wákàtí kẹrin. Ó ku pípo ohùn pọ̀: báàsì mélòó, ìlù mélòó, ohùn Devoto níwájú tàbí lẹ́yìn. Hannett na ọwọ́ sí ẹ̀rọ. Ó fẹ́ kí ìlù máa dún padà bí ẹni tó wà nínú ihò. Òṣìṣẹ́ stúdíò na ọwọ́ tirẹ̀, ó pa á. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìlù, lójú tirẹ̀. Hannett tún tàn án. Òṣìṣẹ́ tún pa á. Hannett fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Wákàtí karùn-ún ń tán lọ. Kò tíì tẹ́ Hannett lọ́rùn. Lọ́kàn tirẹ̀, iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ṣùgbọ́n àkókò ti tó. Wọ́n gba ohun tó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jáde. Téèpù onípa mẹ́rìndínlógún náà kò bá wọn lọ. Ó wà ní stúdíò.

29 Oṣù Kìíní, 1977. Rẹ́kọ́ọ̀dù jáde. Spiral Scratch ni orúkọ rẹ̀, Buzzcocks ni orúkọ ẹgbẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń gba àwọn olórin póńkì wọlé nígbà náà, London ni wọ́n wà, kò sì sí èyí tó wá wọn dé Manchester. Àwọn fúnra wọn ló sọ ilé iṣẹ́ tiwọn ní New Hormones, nọ́ńbà rẹ́kọ́ọ̀dù náà sì ni ORG-1. Fọ́tò Polaroid ló wà níwájú àpò. Ọ̀rẹ́ wọn Richard Boon ló yà á ní Piccadilly Gardens, nídìí ère Robert Peel. Lẹ́yìn àpò, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ síta: èyí ni ẹ̀ẹ̀kẹta, èyí ni ẹ̀ẹ̀kíní, a fi gìtá kún èyí, a kò fi nǹkan kan kún èyí. Àwọn olórin kì í sọ irú rẹ̀. Ẹni tó bá kà á ní ilé rẹ̀ lè ka iye ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ yóò nílò.

Ẹgbẹ̀rún àkọ́kọ́ tán. Wọ́n tẹ òmíràn, wọ́n tún tẹ òmíràn. Nígbà tí yóò fi dúró, ó ti tó 16,000. Devoto kò dúró rí ìyẹn. Kò pẹ́ tí rẹ́kọ́ọ̀dù jáde tó fi kúrò nínú ẹgbẹ́. Kò bá wọn gba rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ nígbà náà.

Hannett ló kù tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ téèpù. Ì bá gbé e lọ síbòmíràn, kó tún ohùn náà pò bó ṣe fẹ́ ẹ, láìsí ọwọ́ ẹnì kan tó ń pa ẹ̀rọ mọ́ ọn lójú. Kò ṣeé ṣe. Bó ṣe sọ ọ́, ẹni tó ni stúdíò gbọ́ ohun tó wà lórí téèpù náà, ó rí i bíi pàǹtí, ó sì pa á rẹ́.