Bí Àlejò Ṣe Ń Di Ọmọ Ilé Nínú Ẹgbẹ́ Òṣèré

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ òwe yìí ni ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó ń béèrè ohun tí ó mú kí ewé náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lára ọṣẹ. Ewé a máa gbẹ. Afẹ́fẹ́ a sì máa gbé ewé lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn rí. Kò sí ẹgbẹ́, ìbáà ṣe ti ọlọ́jà, ti ọdẹ tàbí ti òṣèré, tí kì í gba àlejò. Ohun tí ó ṣòro ni kí àlejò náà wà níbẹ̀ títí tí yóò fi máa pe ilé náà ní ilé òun. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: kí ni ó ń mú kí òṣèré tuntun dúró nínú ẹgbẹ́ eré, kí sì ni ó ń lé e lọ?

Ẹ̀kọ́ kan láti ọjà Àpòmù

Kí a tó dé orí ìtàgé, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sí ọjà. Ìkirè àti Àpòmù, ìlú méjì tí kò jìnnà sí ara wọn rárá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, jẹ́ ìlú tí àlejò kò wọ́n níbẹ̀ láti ayébáyé. Ní ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣì lágbára, ọjà Àpòmù ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé láti ṣe káràkátà. Ṣùgbọ́n ibi tí èrò bá pọ̀ sí, olè kì í jìnnà síbẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé bí a ṣe ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ tí wọ́n wá ná ọjà yìí gbé, tí a sì ń tà wọ́n sí oko ẹrú. Aláàfin Abíọ́dún pàṣẹ pé kí ìwà náà dópin. Ọọ̀ni Ifẹ̀, tí Àpòmù wà lábẹ́ rẹ̀, sì fi àṣẹ náà lé Baálẹ̀ Àpòmù lọ́wọ́.

Awólẹ̀, tí kò tíì jọba nígbà náà, bá òwò dé Àpòmù pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ó ta ọ̀rẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ dé etí Baálẹ̀. Ikú ni ìbá jẹ́ èrè irú ìwà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ọmọ ọba ni Awólẹ̀, pàṣán ni wọ́n fi nà án. Nígbà tí Awólẹ̀ gorí oyè Aláàfin, kò gbàgbé pàṣán náà. Àpòmù ni ó kọ́kọ́ dá ogun sí. Baálẹ̀ sá tọ Ọọ̀ni lọ, ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà ju ohun tí Ọọ̀ni lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Kí ìlú rẹ̀ má baà parun, Baálẹ̀ pa ara rẹ̀, a sì gé orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́ láti fi tu Aláàfin lójú.

Ohun tí ọkùnrin yìí kú fún ni pé ó dáàbò bo àlejò kan tí kò ní ẹbí ní Àpòmù, lọ́wọ́ ẹni tí ó lágbára ju àlejò náà lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ààbò yìí tún bàjẹ́. Ìjínigbé pọ̀ ní ọjà náà, a rán àwọn Òwu láti fi òpin sí i, ogun Òwu sì run Àpòmù àti ọ̀pọ̀ ìlú tí ó wà ní àyíká rẹ̀. Òwu fúnra rẹ̀ pàpà fọ́ nígbẹ̀yìn ogun tí èyí dá sílẹ̀. Ọjà tí kò lè ṣọ́ àlejò rẹ̀ kò níláárí mọ́, bí ó ti wù kí a ki àlejò náà káàbọ̀ tó.

Ẹgbẹ́ òṣèré pẹ̀lú dà bí ọjà. Àwọn ọmọ ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń pàdé níbẹ̀ lábẹ́ olórí kan, jìnnà sí baba àti ìyá wọn. Ohun tí ọjà Àpòmù kọ́ wa ni a ó fi wo ìtàn wọn.

Àwọn ọmọ Òjé

Ní àtètèkọ́ṣe, ẹgbẹ́ eré kò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà àlejò, nítorí pé inú agbo ilé ni a ti ń bí òṣèré. Eré alárìnjó, tí àwọn mìíràn ń pè ní eégún apidán, ti inú egúngún jáde, àwọn ìdílé Òjé ni ó sì ni ín. Títí di òní, ẹni tí ó bá ń jẹ́ Òjéwálé tàbí Òjétúndé, orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí ó ti wá. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, wo eré wọn ní Ọ̀yọ́ Ilé. Ó rí àwọn oníjó tí wọ́n wà nínú àpò, ó rí ère òjòlá tí ó ń fà, ó sì rí ẹni funfun kan tí ó ń sín bí òyìnbó ṣe ń rìn jẹ, tí àwọn èrò ìwòran sì ń rẹ́rìn-ín.

Irú idán bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ Òjé yóò kọ́kọ́ máa tẹ̀ lé baba rẹ̀ kiri. Yóò gbé ẹrù. Yóò ṣe elégbè nínú orin. Yóò mọ ohùn bàtá kí ó tó mọ ìjúbà, yóò sì mọ ìjúbà kí a tó fi awo idán hàn án. Bí ó ti wù kí ó kéré tó, iṣẹ́ kan wà tí a kò lè ṣe láìsí i. Èyí ni ohun kejì tí ó ń mú ènìyàn dúró: ipò tí ó jẹ́ tirẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Ògúǹdé àti àwọn òṣèré obìnrin

Ní ọdún 1944, Hubert Ògúǹdé, ọmọ Ọ̀sọsà tí ó jẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, gbé eré ìsìn jáde ní Èkó. Ní ọdún 1945 ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ó sì sọ eré di iṣẹ́ òòjọ́. Ibí ni ìṣòro tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ògúǹdé kò ní agbo ilé Òjé tí yóò máa bí òṣèré fún un. Láti ìta ni ó ti gbọ́dọ̀ wá wọn. Alágbe ni àwọn ènìyàn sì ka òṣèré sí. Baba wo ni yóò fi ọmọbìnrin rẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa bá alágbe rìn ìrìn òru? Nígbà tí ó polówó nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá àwọn obìnrin tí yóò ṣeré, kò rí ẹni jẹ́ ẹ lóhùn. Ó wá polówó pé òun ń wá akọ̀wé obìnrin, àwọn ọmọbìnrin sì jáde. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n dé ni wọ́n tó mọ iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀.

Ọgbọ́n yìí mú wọn wọlé, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò lè mú wọn dúró. Ohun tí Ògúǹdé ṣe ni pé ó fẹ́ púpọ̀ nínú wọn níyàwó. Báyìí ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe di agbo ilé: ìyàwó ń ṣeré, ọmọ ń ṣeré. Àwọn ọ̀gá mìíràn náà tọ ọ̀nà yìí. Nínú ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo, Abíọ́dún tí ó ṣe Ọya nínú Ọba Kò So jẹ́ aya ọ̀gá, ó sì tún jẹ́ òpó ẹgbẹ́.

Ó yẹ kí a wo ọ̀rọ̀ yìí lójú méjèèjì. Ìgbéyàwó fún òṣèré obìnrin ní ààbò àti orúkọ ní ìgbà tí aráyé ń pè é ní ìpákúpàá. Ẹnikẹ́ni kò sì lè ní kò wúlò, nítorí pé ẹgbẹ́ Ògúǹdé wà fún ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ àti ilé rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ọ̀nà wo ni ó kù fún un bí nǹkan bá yí padà? Dídúró ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn kò jọ dídúró ẹni tí ó lè lọ tí kò sì lọ.

Inú ọkọ̀ eré

Láti àwọn ọdún 1950 títí wọ àwọn ọdún 1980, ẹgbẹ́ eré tí ń ti Ìbàdàn, Òṣogbo àti ìlú mìíràn jáde kò lóǹkà mọ́. Bíọ́dún Jéyìfò, nínú ìwé tí ó kọ lórí wọn ní 1984, fi hàn pé wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú nínú ọkọ̀ tí a kọ orúkọ ọ̀gá sí lára, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á máa ké lórí rẹ̀. Ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, bí Ìkirè, kò ṣàjèjì sí irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

Ẹni tuntun nínú ọkọ̀ yìí kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé. Ó ń já ẹrù, ó ń ta aṣọ ìtàgé, ó ń jó nínú ijó ìbẹ̀rẹ̀ eré. Ọ̀pọ̀ eré wọn kò sí nínú ìwé. Ọ̀gá yóò la ìtàn sílẹ̀, oníkálukú yóò sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ kún un. Ìdí nìyí tí ẹni tuntun fi gbọ́dọ̀ fi ojú àti etí kọ́ṣẹ́. Bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ tí ó pa èrò lẹ́rìn-ín ní alẹ́ kan, ọ̀rọ̀ náà lè wọ inú eré títí láé. Ọ̀gá tí ó bá fi àyè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti fún ẹni tuntun ní ohun tí owó kò lè rà.

Síbẹ̀, a kì í fi iyì ra gàrí. Wọ́n ní ọ̀gá tà, ọ̀gá kò tà, owó aláàárù yóò pé. Nínú ẹgbẹ́ eré, ọ̀rọ̀ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, bí èrò kò bá wá, epo ọkọ̀ ni a ó kọ́kọ́ rà. Ohun kẹta tí ó ń mú ènìyàn dúró nìyí: ìpín. Ibi tí ìpín bá ti ṣókùnkùn, ẹsẹ̀ òṣèré kì í pẹ́ yà.

Àwọn tí wọ́n lọ

Lérè Páímọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Oyin Adéjọbí, ó bọ́ sọ́dọ̀ Dúró Ládiípọ̀, lẹ́yìn náà ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Jímọ̀ Àlíù lo ọdún púpọ̀ lọ́dọ̀ Akin Ògúngbè kí ó tó dá dúró ní 1966. Sunny Adé wà nínú ẹgbẹ́ olórin Moses Ọláìyá, ẹni tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, kí ó tó di ọ̀gá olórin. Kò yẹ kí a ka gbogbo lílọ bẹ́ẹ̀ sí àdánù. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ tí ó sì gbòòrò ń mú orúkọ ọ̀gá rẹ̀ dé ibi tí ọ̀gá kò dé.

Àdánù tòótọ́ wà ní ibòmíràn. Kọ́lá Ògúnmọ́lá kú ní 1973, Dúró Ládiípọ̀ ní 1978, Ògúǹdé ní 1990. Bí àwọn ọ̀gá ti ń lọ ni ẹgbẹ́ wọn ń tú ká tàbí tí agbára rẹ̀ ń dínkù, nítorí pé orúkọ, ọkọ̀ àti eré jẹ́ ti ẹnì kan. Òṣèré tí ó ti lo ogún ọdún níbẹ̀ ní ipò, ó ṣeé ṣe kí ó ní ààbò, ṣùgbọ́n kò ní ìpín nínú ohun tí yóò kù lẹ́yìn ọ̀gá. Fíìmù àti fídíò wá pa ìrìn ọkọ̀ náà. Lónìí, àwọn òṣèré ń péjọ fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ń ya àwòrán, wọ́n sì ń túká. Ilé tí ẹni tuntun ti ń sùn, tí ó ti ń jẹun, tí ó ti ń kọ́ èsà àti ijó kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́.

Ohun tí ó kù fún wa

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ní Ìkirè ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọmọnìyàn àti àṣà rẹ̀ sí. Àwọn ọ̀dọ́ láti ibi gbogbo ń dé ibẹ̀ lọ́dọọdún, bí àlejò ti ń dé ọjà Àpòmù láyé àtijọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ní ẹgbẹ́ eré mọ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ọmọ tuntun máa ń kún yàrá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, àwọn àtijọ́ nìkan ni ó kù. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn tilẹ̀ ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: oníkálukú yóò gbé àwọ̀ akọni tàbí oṣó ìlú àròsọ kan wọ̀, wọn yóò sì jọ máa hun ìtàn kan ṣoṣo. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tuntun ń dé sí àárín ìtàn tí kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí àwọn àgbà ẹgbẹ́ kò bá ṣí ẹnu ọ̀nà kan fún un nínú ìtàn náà, yóò wòran díẹ̀, yóò sì lọ láìdágbére.

Ìkíni káàbọ̀ kò wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tí ó wọ́n ni kí a fún ẹni tí a kí náà ní ààbò, kódà lọ́wọ́ àwọn àgbà tiwa; kí a fún un ní iṣẹ́ tí a ó mọ̀ bí kò bá wá; kí a sì jẹ́ kí ó mọ ìpín rẹ̀, títí kan ìpín rẹ̀ nínú ọ̀la ẹgbẹ́. Ìṣọ̀kan ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Àpòmù jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ lónìí. Orúkọ náà dára. Ṣùgbọ́n kí orúkọ náà tó dé ni Baálẹ̀ kan ti san owó rẹ̀, nígbà tí ó kọ̀ kí a ta àlejò ní ọjà rẹ̀.