Ọkọ̀ Abẹ́ Omi Jámánì ní Ẹnu Omi Èkó, 1941

Nígbà ogun Hitler, ẹnu omi Èkó ni kòkó àti èkùrọ́ Ìjẹ̀bú-Igbó òun Àgọ́-Ìwòyè ń gbà lọ sí ìlú òyìnbó. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 1941, U-69, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, yọ́ wá ri àdó olóró síbẹ̀, bí ọdẹ ti í dẹ pàkúté sójú ọ̀nà ẹran. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà, ọ̀kan bú gbàù mọ́ Robert Hughes, ọkọ̀ tí ń kó iyanrìn kúrò kí ọ̀nà má baà dí fún ọkọ̀ ọjà. Ó rì, ẹ̀mí ènìyàn sì bá a lọ. Ẹni tí ń tún ọ̀nà ṣe ni ọ̀nà pa. Bẹ́ẹ̀ ni ogun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ogun òkèèrè ṣe dé ojú ọ̀nà ọjà Ìjẹ̀bú.