Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ àti àwọn agbèrò inú sẹ́ẹ̀lì

Tí wọ́n bá ní ẹnì kan ní lùkímíà, ìyẹn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé ńṣe ni ẹ̀jẹ̀ ẹni náà bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun á bẹ̀rẹ̀ bí ọmọdé, á dàgbà, á máa bá kòkòrò àrùn jà, á sì kú tó bá yá. Nínú lùkímíà tó máa ń yára pa èèyàn, àwọn ọmọdé yìí kọ̀, wọn ò dàgbà. Wọn ò ṣiṣẹ́, wọn ò kú, wọ́n kàn ń pọ̀ sí i ṣáá títí àyè ò fi ní gba àwọn tó wúlò mọ́.

Kí ló dé tí wọn ò dàgbà? Ìdí ẹ̀ pọ̀, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọkọ̀ ní Òṣòdì, ọ̀kan níbẹ̀ á tètè yé yín. Yàrá kan wà láàárín sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ nucleus. Ibẹ̀ ni jíìnì wà, ìyẹn ìwé àṣẹ tó ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì máa dà. Ògiri yí yàrá náà ká, ẹnu ọ̀nà kéékèèké sì pọ̀ lára ògiri ọ̀hún. Èrò tó bá kéré lè yọ́ wọlé. Èyí tó bá tóbi gbọ́dọ̀ rí agbèrò. Pùròtéènì tó ń kó èrò wọlé là ń pè ní importin, èyí tó ń kó wọn jáde ni exportin. (Tiwọn kì í gbowó lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà o.) Oríṣi méje ni importin alpha tó wà lára èèyàn, èrò tí kálukú ń gbé sì yàtọ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń pe Muṣin ṣe yàtọ̀ sí ẹni tó ń pe Ìyànà-Ìpájà.

Jíìnì agbèrò wọ̀nyí kì í ṣiṣẹ́ bákan náà nígbà gbogbo. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Jàpáàn fi hàn pé bí sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ èkúté ṣe ń di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, importin alpha kan ń dín kù, òmíràn ń pọ̀ sí i. Tí agbèrò bá yí padà, àṣẹ tó ń wọlé á yí padà.

Ti lùkímíà, HL-60 ni wọ́n sábà ń lò: sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbà lára obìnrin aláìsàn kan ní Amẹ́ríkà, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1977, tó ṣì ń pọ̀ sí i nínú ike títí dòní. Tí wọ́n bá fi ATRA, oògùn kan tó jẹ́ ẹbí fítámì A, sí i, yóò dàgbà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n á wá máa wọn jíìnì agbèrò: èwo ló lọ sókè, èwo ló wálẹ̀? Ẹ má rò pé eré ike lásán ni. Ní 1985, Dókítà Wang Zhenyi fún ọmọbìnrin ọmọ ọdún márùn-ún kan ní ATRA ní Shanghai, ara ọmọ náà sì yá.

Nítòsí wa ńkọ́? CML, lùkímíà tó ń rọra jà, ni ìtàn tiwa. Sẹ́ẹ̀lì ń dàgbà nínú CML níbẹ̀rẹ̀, wọ́n kàn ń pọ̀ jù. Tó bá burú tán ni wọn ò ní dàgbà mọ́. Ó lè jẹ́ àárẹ̀, ibà, rírù àti ikùn tó wú lápá òsì ni àmì rẹ̀, ọ̀pọ̀ á sì máa lo oògùn ibà fún un. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ FBC lásán ló sábà máa ń tú u fó. Ní 2003 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn CML ní imatinib lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, nípasẹ̀ ètò ìrànlọ́wọ́ kan láti òkè òkun.

BCR-ABL ni pùròtéènì tí imatinib ń dá dúró. Ìta nucleus ló ti ń dàlú rú. Ní 2001, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà lo imatinib pẹ̀lú oògùn tó ń dí exportin lọ́wọ́, BCR-ABL há sínú nucleus, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà sì kú. Oògùn kejì yẹn le jù fún ara èèyàn. Ní 2019, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òmíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, selinexor, fún jẹjẹrẹ mùdùnmúdùn egungun. Ti lùkímíà, wọ́n ṣì ń dán an wò.